Àròkọ Aṣàlàyé: Bí Ọmọdé Tí Ọ̀ràn Kàn Ṣe Lè Rí Agbẹjọ́rò

ORÍ-Ọ̀RỌ̀: Kọ àròkọ lórí ohun tí a lè ṣe kí àwọn ọmọdé tí ọ̀ràn bá kàn ní agbègbè rẹ lè máa rí agbẹjọ́rò tí yóò bá wọn rojọ́.

ÀLÀYÉ LÓRÍ ORÍ-Ọ̀RỌ̀

Irú orí-ọ̀rọ̀ báyìí a máa dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n a rò pé amòfin nìkan ni ó lè kọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń tọ́ ọmọ nílẹ̀ Yorùbá, tí ó sì mọ ohun díẹ̀ tí òfin sọ nípa ọmọdé, lè kọ ọ́ ní àkọyege.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fa igi sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wúwo nínú rẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n: “ohun tí a lè ṣe”, “ọmọdé”, àti “agbègbè rẹ”. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ojú ìwé méjì lórí ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jalè, tàbí tí ó bá ń bú àwọn òbí pé wọn kò tọ́ ọmọ wọn dáadáa, ti ṣìnà. Bákan náà ni ẹni tí ó bá fi gbogbo àròkọ rẹ̀ bú ọlọ́pàá. Ọ̀nà àbáyọ ni ìbéèrè yìí ń wá, ọ̀nà náà sì gbọ́dọ̀ bá ìlú tí ẹ ń gbé mu. Bí ẹ bá wà ní Ìlọrà, ẹ má ṣe kọ̀wé bí ẹni tí ó ń gbé Èkó.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé àròkọ aṣàlàyé ni èyí. A kò sọ pé kí ẹ pa ìtàn, a kò sì sọ pé kí ẹ jiyàn. Ẹ lè mú àpẹẹrẹ kúkúrú wọ inú rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè yé ni, ṣùgbọ́n àlàyé ni kí ó borí.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ ẸGBỌ́DỌ̀ MỌ̀

Agbẹjọ́rò: ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin tí ó ń bá ènìyàn rojọ́ ní kóòtù, òun náà ni a ń pè ní lọ́yà.
Olùpẹjọ́: ẹni tí ó pe ẹlòmíràn lẹ́jọ́.
Olùjẹ́jọ́: ẹni tí a pè lẹ́jọ́.
Àtìmọ́lé: ibi tí a ń ti ènìyàn mọ́ kí a tó dá ẹjọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n.
Béèlì: ìyọ̀ǹda kí olùjẹ́jọ́ máa ti ilé wá jẹ́jọ́. Ẹni tí ó dúró fún un ni onídùúró.
Alágbàtọ́: ẹni tí ó ń tọ́ ọmọ tí kì í ṣe òun ni ó bí i.

ÌLAPA ÈRÒ

1. Ìfáàrà: òwe tí ó bá ọ̀rọ̀ mu, ohun tí àròkọ yóò sọ.
2. Ìdí tí ọmọdé fi nílò agbẹjọ́rò ju àgbà lọ.
3. Ohun tí òfin sọ.
4. Ohun tí ń dí òfin lọ́wọ́.
5. Ẹ̀rí láti ìtòsí àti láti òkèèrè.
6. Ohun tí òbí, ilé-ìwé, agbẹjọ́rò, ọba àti ìjọba lè ṣe.
7. Èsì fún àwọn tí kò fara mọ́ ọn.
8. Ìkádìí.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí fi hàn pé ó pẹ́ tí àwọn baba wa ti mọ̀ pé ẹjọ́ kì í gún bí apá kan kò bá rí ẹnu sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà tí ó ní ẹnu tí kò lè lò ó. Ọmọ náà ni èyí tí ọlọ́pàá mú. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ọmọ bẹ́ẹ̀ fi nílò agbẹjọ́rò, ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀, ohun tí ń dí òfin lọ́wọ́, àti ohun tí àwa ará Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́, Akínmọ̀ọ́rìn àti àwọn ìlú Afijio yòókù lè ṣe.

Láti kékeré ni a ti ń kọ́ ọmọ Yorùbá pé kí ó má ṣe wo àgbà lójú, kí ó má ṣe já àgbà lẹ́nu, kí ó sì tètè tọrọ àforíjì bí inú bá ń bí àgbà sí i. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó lè dà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ká sọ pé fóònù ẹnìkan sọnù ní ibi tí wọ́n ti ń ta èso létí títì ní Fìdítì, níbi tí àwọn èrò ọkọ̀ tí ó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ti máa ń dúró ra ọsàn. Wọ́n mú ọmọ ọdún 15 kan tí ó ń bá ìyá rẹ̀ tajà níbẹ̀. Bí wọ́n ti ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni ó dorí kodò, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú.” Lójú ìyá rẹ̀, ọmọ tí a kọ́ ni. Lójú ẹni tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti jẹ́wọ́. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé ọmọ náà, tí wọ́n sì ní kí ó fọwọ́ sí i, yóò fọwọ́ sí i, nítorí pé àgbà ni ó ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ ti bàjẹ́ kí adájọ́ tó gbọ́ pé ẹjọ́ kan wà. Ìdí nìyí tí ọmọdé fi nílò agbẹjọ́rò ju àgbà lọ, tí ó sì fi nílò rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní gan-an.

Òfin kò gbàgbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 sọ ní abala 155 pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò àti sí ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ nínú ọ̀ràn tí ó bá kàn án ní kóòtù. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ni òfin náà kà sí ọmọdé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006. Òfin ọdún 2003 náà tún sọ pé bí a bá mú ọmọdé, kí a fi tó òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ létí kíákíá. Pé kí títì í mọ́lé jẹ́ ohun tí a ó ṣe kẹ́yìn, fún ìgbà kúkúrú. Pé a kò sì gbọ́dọ̀ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 náà kò dákẹ́. Ó fún ẹni tí a mú ní ẹ̀tọ́ láti má dáhùn ìbéèrè títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí ó bá yàn sọ̀rọ̀. Ó ní kí a sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un ní èdè tí ó gbọ́. Ó ní bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, kí a gbé e lọ síbẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, àfi bí ọ̀ràn náà bá jẹ́ èyí tí òfin fi ikú ṣe ìjìyà rẹ̀. Láti Fìdítì tàbí láti Ìlọrà dé kóòtù májísíréètì ní ìlú Ọ̀yọ́, kò tó 40 kìlómítà. Nítorí náà, ọjọ́ kan ni òfin fọwọ́ sí fún wa níhìn-ín. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹni tí kò lówó pàápàá ní ibi tí ó lè lọ. Láti ọdún 1976 ni ìjọba ti dá Legal Aid Council sílẹ̀ láti máa wá agbẹjọ́rò fún tálákà lọ́fẹ̀ẹ́, òfin tuntun ti ọdún 2011 sì tún iṣẹ́ rẹ̀ tò. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn.

Bí òfin bá dára tó báyìí, kí ni ó wá ń dí i lọ́wọ́? Èkíní, kò sí ẹni tí ó ń ránṣẹ́ pe agbẹjọ́rò náà. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé olówó ni ó ń gba lọ́yà, tàbí pé ẹni tí ó bá gba lọ́yà ti fi ara rẹ̀ hàn bí ọ̀daràn. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń lọ bẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọn a sì máa wá owó kiri, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ń kéde pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Èkejì, bí agbẹjọ́rò bá tilẹ̀ wá, ó máa ń pẹ́. Òmíràn ń rí ọmọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ẹnu ọ̀nà kóòtù, kò sì ráyè bi í ní ju ìbéèrè méjì lọ. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ọmọ tí ó ga, tí kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, lè di ẹni ọdún 19 nínú ìwé ẹ̀sùn. Lọ́gán tí wọ́n bá ti kọ 19, gbogbo ohun tí òfin ṣe fún ọmọdé ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò ni ó máa ń mọ̀ pé ìwé yẹn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá.

Ẹ̀rí bí ìdájọ́ ti máa ń pẹ́ tó kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní ìlú Ọ̀yọ́. Àwọn 837 tí ó sá jáde lọ́jọ́ náà kò tíì gba ìdájọ́. Àwọn tí a ti dá ẹjọ́ wọn ní ọgbà náà kò ju 64 lọ. Bí ó bá rí báyìí fún àgbà tí ó lè sọ̀rọ̀, kí ni kí a retí fún ọmọdé?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Àbújá dáhùn ìbéèrè náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jáde ní ìlú púpọ̀ láti fẹ̀hónú hàn nítorí ọ̀wọ́n gógó. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, wọ́n kó ènìyàn 76 wá sí ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba. Ó lé ní 20 nínú wọn tí ó jẹ́ ọmọdé, òmíràn kò sì ju ọdún 14 lọ. Wọ́n ti lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta ní àtìmọ́lé. Mẹ́rin nínú wọn dákú nínú kóòtù. Mílíọ̀nù 10 náírà ni béèlì ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ìlú pariwo, Ààrẹ pàṣẹ pé kí a dá wọn sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì fagi lé ẹjọ́ náà ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà. Agbẹjọ́rò wà pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dé kóòtù, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ti lọ kí ọjọ́ náà tó pé. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́ wa ni pé agbẹjọ́rò tí ó pẹ́ kí ó tó dé kò lè dá ọjọ́ tí ó ti lọ padà.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà náà jẹ irú ìyà yìí kí ó tó gbọ́n. Ní ọdún 1964, ní ìpínlẹ̀ Arizona, wọ́n mú ọmọ ọdún 15 kan tí ó ń jẹ́ Gerald Gault nítorí pé obìnrin aládùúgbò kan ní ó sọ ìsọkúsọ sí òun lórí fóònù. Àwọn òbí rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí wọn. Kò ní agbẹjọ́rò, obìnrin náà kò sì yọjú sí kóòtù. Adájọ́ ní kí ó lọ wà ní ilé ìtọ́nisọ́nà títí yóò fi pé ọdún 21, ìyẹn ọdún mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ àgbà ni ó dá ọ̀ràn yìí, ìyà rẹ̀ kò ní ju owó ìtanràn 50 dọ́là tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì lọ. Ní ọdún 1967, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ dá ẹjọ́ pé ohun tí a ṣe fún ọmọ náà kò tọ́, àti pé ọmọdé tí ó lè pàdánù òmìnira rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní agbẹjọ́rò.

Kí ni àwa lè ṣe? Òbí ni kí ó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Kí ó gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí fún ọmọ, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ìwé ilẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọmọ, kí ó lọ síbẹ̀ kíákíá, kí ó ní sùúrù, kí ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọmọ náà títí agbẹjọ́rò yóò fi dé.

Ilé-ìwé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí olùkọ́ lẹ nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì Legal Aid Council mọ́ ara ògiri. Kí ó tún kọ́ ọmọ ní gbólóhùn méjì tí kò ta ko ẹ̀kọ́ ilé: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi pe àwọn òbí mi. Bí agbẹjọ́rò bá dé, n ó dáhùn gbogbo ìbéèrè yín.” Ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ èyí kò yájú sí ẹnikẹ́ni, kò sì fi ẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀.

Àwọn agbẹjọ́rò tí ó jẹ́ ọmọ bíbí àwọn ìlú wa pọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Ọ̀yọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnìkọ̀ọ̀kan fi ọjọ́ díẹ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù, kí a kọ orúkọ wọn tò, kí a sì fún àgọ́ ọlọ́pàá àti ààfin ní ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn agùnbánirọ̀ tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ òfin náà ní ẹgbẹ́ tí ó ń ran tálákà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí agbẹjọ́rò tó bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ó yẹ kí ó kọ́ bí a ti ń ṣe é: kí ó jókòó tì í, kí ó sọ Yorùbá, kí ó má ṣe jágbe mọ́ ọn, kí ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ohun tí ó bá sọ kò ní kúrò láàárín àwọn méjèèjì.

Ní ti àwọn ọba wa, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré ni ó ń parí ní ààfin, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá kọjá ààfin, kí Kábíyèsí ránṣẹ́ sí agbẹjọ́rò kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ìjọba ní tirẹ̀ pèsè owó ọkọ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́, kí ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ wọn súnmọ́ àwọn ìlú tí ó jìnnà sí Ìbàdàn.

Àwọn kan yóò sọ pé agbẹjọ́rò yóò kàn máa gba olè sílẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ẹni tí a jí nǹkan rẹ̀ náà yẹ ní ẹni tí à ń káàánú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ mọ́lé, fóònù ẹni tí a jà lólè kò tíì padà, olè gan-an sì ń rìn kiri ọjà. Bí ọmọ náà bá sì jẹ̀bi, iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni láti rí i pé ìbáwí tí ó tọ́ sí ọmọdé ni a fún un, níbi tí yóò ti kọ́ ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́, kì í ṣe láàárín àwọn adigunjalè.

Ní ìparí, òfin ti fún ọmọdé ní agbẹjọ́rò. Àwa àgbà ni kò tíì ránṣẹ́ pè é. Iṣẹ́ ọjọ́ kìíní ni, kò sì ju ìwé ọjọ́ ìbí kan, nọ́ńbà fóònù kan àti ẹni tí yóò dìde lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi ti òsì fà á mọ́ra. Ọlọ́pàá àti kóòtù ni ọwọ́ ọ̀tún; agbẹjọ́rò ni òsì.

ÀKÍYÈSÍ LÓRÍ ÀRÒKỌ YÌÍ

(a) Àròkọ yìí gùn ju èyí tí ẹ ó kọ nínú ìdánwò lọ. A fẹ́ kí ẹ rí èrò púpọ̀ tí ẹ lè yàn nínú rẹ̀. Bí àyè kò bá gbà yín, ẹ mú ẹ̀rí kan ṣoṣo, kí ẹ sì mú ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta.

(b) Èrò kan ṣoṣo ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ọjọ́ kìíní. Ẹ tún un kà, ẹ ó rí i pé ìpínrọ̀ tí ó sọ nípa òfin, èyí tí ó sọ nípa Àbújá, àti ìkádìí, ibi kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Àròkọ tí èrò rẹ̀ bá fọ́n ká kì í gba máàkì púpọ̀.

(d) Òwe méjì péré ni a lò, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní ìparí, àwọn méjèèjì ni ó sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ẹ má ṣe to òwe jọ bí ẹni to igi.

(e) Ẹ wo bí a ti dá àwọn tí kò fara mọ́ èrò wa lóhùn láìbú wọn. A kọ́kọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, kí a tó fèsì.

(ẹ) Bí ẹ kò bá dá ọdún tàbí iye kan lójú, ẹ má ṣe kọ ọ́. “Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn” sàn ju ọdún tí kò tọ̀nà lọ.

(f) Àkọtọ́: “nígbà tí”, “nítorí pé” àti “bí ó bá” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ yà wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ni “ẹnikẹ́ni” àti “agbẹjọ́rò”. Ẹ má ṣe yà wọ́n.

ÌDÁNRAWÒ

1. Ṣàlàyé àwọn àkànlò èdè wọ̀nyí, kí o sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn tìrẹ: dorí kodò, já ènìyàn lẹ́nu, fagi lé, kò mọwọ́ mẹsẹ̀, fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

2. Kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ rẹ, kí o rọ̀ ọ́ pé kí ó bá àwọn agbẹjọ́rò ọmọ ìlú ṣètò bí wọn yóò ṣe máa ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́.

3. Kọ ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì láàárín ìyá kan tí ó fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá àti olùkọ́ ọmọ rẹ̀ tí ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe agbẹjọ́rò.

4. “Ẹ̀kọ́ ilé dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́ ọmọ bí yóò ṣe sọ̀rọ̀ pẹ̀lú.” Jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí.